Ọkọ̀ Tó Kún fún Àwọn Tí Kò Lọ Síbì Kankan

Bàbá mi tó lọ tí mi ò tíì gbà pé ó lọ,

Ìyàwó tíṣà tó wà lẹ́yìnkùlé wa ló ń bá mi kọ èyí. Mo ní ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má bá mi tún un ṣe. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, Fọlọ́runṣọ́ àbúrò mi àti àwọn ará ulé máa wá sórí sàréè yín. Wọ́n á fẹjọ́ mi sùn yín pé mo ba iṣẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Òótọ́ ni, mo bà á jẹ́. Mi ò kàn fẹ́ kó jẹ́ ẹnu wọn ni ẹ ó ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ẹ rántí ọjọ́ yẹn, bí ẹni tó kú bá ń rántí nǹkan. Ìtọ̀ ti há yín fún ọjọ́ mẹ́ta, ikùn yín le bí igbá. Dísípẹ́nsà tó ń pín oògùn fọwọ́ kàn án, ó ní kí n sáré gbé yín lọ sọ́dọ̀ dókítà òyìnbó lọ́nà Iléṣà, kó má kọjá ọ̀sán. Ìrì ṣì wà nílẹ̀ tí a fi dé gáréèjì Adó. Lọ́rì méjì ló dúró. Ọ̀kan ti gbó, ọ̀dà rẹ̀ ti bó, èrò mẹ́rin péré ló wà nínú rẹ̀. Bàbá kan láti Ìyìn ló ń wà á. Ó sọ̀kalẹ̀ wá bá mi.

“Ìyá, ẹ gbé bàbá wá. Mò ń lọ báyìí.”

Mo wo bẹ́ǹṣì rẹ̀ tó ṣófo, mo ní irọ́ ló ń pa. Èkejì ń dán, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ìyá arúgbó kan wà níwájú, obìnrin kan gbé ọmọ jòjòló lé ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní ọkọ̀ tí ìyá ọmọ bá wọ̀ kò ní pẹ́ gbéra. Èmi ni mo yàn án, Bàbá. Kò sẹ́ni tó bá mi yàn án.

Ọkọ̀ bàbá Ìyìn fun fèrè lẹ́ẹ̀mejì, ó lọ. Tiwa dúró. Ìyá ọmọ jòjòló ló kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, ó ní òun fẹ́ ra ẹ̀kọ. Kò padà wá. Ọkùnrin kan lọ tọ̀, òun náà ò padà. Ìyá arúgbó ní òun gbàgbé gèlè. Oòrùn ti dé àárín ọ̀run kí ọkọ̀ tó ṣí nílẹ̀. A ti kọjá Ìyìn, a ò tíì dé Ìgèdè, ni ẹ dákẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé agbada àkàrà mi kúrò níwájú ilé lọ sẹ́nu gáréèjì. Mo sọ fún gbogbo ènìyàn pé ọjà ń yá níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọjà kọ́. Mo fẹ́ mọ ohun tó ṣe wá ni.

Mo sì mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe dídára ọkọ̀ ló ń mú un tètè kún. Ohùn agbèrò wà níbẹ̀. Ọ̀dà tuntun wà níbẹ̀, àti ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tí wọ́n bá kọ síwájú rẹ̀. Àwa tí a ò mọ̀wé la máa ń sáré wọ ìyẹn. Wọ́n á tún jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa kùn bí ẹni pé ó fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni èrò tó ti jókòó, torí ibi tí ènìyàn bá wà ni ènìyàn ń lọ. Ni wọ́n bá ń kó àwọn tí kò rìnrìn-àjò kankan sínú ọkọ̀: alágbẹ̀dẹ, aránṣọ, ìyá arúgbó. Wọ́n á di ẹrù òfìfo lé ẹsẹ̀, wọ́n á fajú ro bí ẹni tó ń lọ sí ìlú òkèèrè. Bí èrò tòótọ́ kan bá ti wọlé, ọ̀kan nínú wọn á sọ̀kalẹ̀ lọ tọ̀. Ẹ̀kọ àti àkàrà òwúrọ̀ ni wọ́n fi ń san iṣẹ́ náà fún wọn. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti ń gba àkàrà yẹn.

Nígbà tí mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Fọlọ́runṣọ́, ó sunkún. Ó kó kòkó oko yín tà, ó ní lọ́rì lòun máa fi rà, òun ò sì ní ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó gbìyànjú. Oṣù méjì ló fi ń gbéra lásìkò, pẹ̀lú èrò márùn-ún, nígbà míì mẹ́ta. Àwọn agbèrò sọ ọ́ di ẹ̀rín.

“Dẹrẹ́bà òfìfo! Ṣé atẹ́gùn lo fẹ́ kó lọ tà ní Iléṣà ni?”

Lọ́jọ́ kan ó wá jókòó síwájú agbada mi, kò wojú mi.

“Ẹ̀gbọ́n mi, orí yín ti funfun. Bí èrò bá rí yín nínú ọkọ̀ mi, wọ́n á wọlé.”

“Kí n wá lọ síbo?”

“Ẹ ò lọ síbì kankan. Ẹ kàn jókòó.”

Bàbá, mo jókòó. Mo ní àbúrò mi ni, mo ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn yìí ni mo fi jókòó. Mo sì mọ̀ ọ́n ṣe ju gbogbo wọn lọ. Mo máa ń gbé Bíbélì tí mi ò lè kà dání. Mo máa ń sún fún àlejò, mo máa ń nu bẹ́ǹṣì fún un, mo máa ń béèrè àlàáfíà àwọn ará ilé rẹ̀. Ọkọ̀ Fọlọ́runṣọ́ wá di èyí tó ń tètè kún jù lọ ní gáréèjì. Inú mi dùn sí i. Nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín, ìyẹn ló le jù lẹ́nu mi: inú mi dùn.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ọmọbìnrin kan dé láti Ìwòròkò. Ó pọn ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ náà ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọkọ̀ bàbá Ìyìn wà lápá kejì, ó ti fẹ́ lọ. Ọmọbìnrin náà wò ó, ó wo tiwa, ó wá wo èmi.

“Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ṣé èyí ò ní pẹ́?”

“Kò ní pẹ́, ọmọ mi. Wọlé.”

Ó ti mọ́ mi lẹ́nu. Ó bọ́ lẹ́nu mi kí n tó wo ojú ọmọ náà dáadáa. Ó jókòó tì mí. Bàbá Ìyìn fun fèrè, ó lọ. Agbèrò ṣẹ́jú sí mi pé àsìkò mi ti tó. Mo dìde.

“Yèyé, ẹ ń padà bọ̀, àbí?”

“Mò ń bọ̀.”

Mo lọ dúró sẹ́yìn agbada mi. Alágbẹ̀dẹ sọ̀kalẹ̀, aránṣọ tẹ̀ lé e. Mo rí ọmọbìnrin náà tí ó ń fojú tẹ̀ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó ń dúró dè wọ́n. Bí mo ṣe dúró de ìyá arúgbó tó lọ mú gèlè nìyẹn. Mo fi àkàrà sílẹ̀ nínú epo, mo padà gun ọkọ̀.

“Fọlọ́runṣọ́, jẹ́ ká lọ.”

“Èrò mẹ́ta? Ṣé omi ni mo rọ sínú ọkọ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n?”

Ni mo bá dìde dúró lórí bẹ́ǹṣì, mo kígbe kí gbogbo gáréèjì lè gbọ́.

“Ẹ̀yin tí ẹ ń rìnrìn-àjò, ẹ wò mí dáadáa! Mi ò lọ síbì kankan. Àkàrà ni mò ń dín. Alágbẹ̀dẹ yẹn ò lọ síbì kankan, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀, èédú ló wà níbẹ̀! Gbogbo wa tí a kún ibí láàárọ̀, àkàrà la jókòó fún!”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Agbèrò ní orí mi ti dàrú. Àwọn tó ti ń bọ̀ wá wọlé yí padà. Ìtìjú ló mú àbúrò mi ṣíná ọkọ̀, a sì gbéra. A kọjá Ìyìn. Ibẹ̀ ló ti dẹ eré ọkọ̀.

“Ibí ni?”

“Síwájú díẹ̀. Ibí yìí ni.”

Láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ, kò béèrè ibi tí ẹ dákẹ́ sí rí. Ó wo igbó náà, ó sì tẹ ọkọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé.

A dé ọ̀dọ̀ dókítà òyìnbó. Nọ́ọ̀sì gba ọmọ wọlé. Àwa padà. Láti ìgbà náà kò sí ẹni tó ń wọ ọkọ̀ Fọlọ́runṣọ́, òun náà kò sì kí mi mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní ìlara ló mú mi ṣe é. Àwọn ẹbí ní kí n kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

Ní ọjọ́ kẹrin, ọkọ̀ bàbá Ìyìn ti Iléṣà dé. Ọmọbìnrin náà sọ̀kalẹ̀. Ọ̀já tó fi pọn ọmọ lọ, ó ti ká a, ó gbé e há abíyá, kò sí ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó gba iwájú agbada mi kọjá. Kò bú mi, kò ṣépè. Ó kàn wò mí, ó sì ń lọ. Wọ́n fẹ́ kí n lọ kúnlẹ̀ fún Fọlọ́runṣọ́, Bàbá. Ta ló yẹ kí n kúnlẹ̀ fún? Mi ò tiẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀.

Mo ti gégùn-ún fún ìyá arúgbó yẹn títí ẹnu fi rẹ̀ mí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa gégùn-ún fún un nísinsìnyí?

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi yín. Nígbà tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mò ń sọ fún yín pé wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń bọ̀. Ẹ dì mí lọ́wọ́ mú, ẹ kọjú sí ògiri pákó ọkọ̀, ẹ ò dáhùn. Mo rò pé ìrora ni. Àbí ẹ ti mọ̀? Ṣé ẹ ti mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń padà bọ̀, tí ẹ wá dákẹ́ kí ojú má baà tì mí?

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín àkọ́bí, tó fẹ́ràn yín, tó sì gbé yín wọ ọkọ̀ náà.