Ogójì Ehoro Tí A Ò Fojú Rí

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Ehoro ti lọ. Gbogbo ogójì. Àbí wọn ò tiẹ̀ sí láyé rí — ta ló mọ̀? Orí fóònù ni ọkọ mi ti ń wò wọ́n, orí fóònù náà ni wọ́n ti pòórá, àwọn àti ẹni tó ń bá wa sìn wọ́n. Ọkọ̀ tí ọkọ mi fi ń kọ́ àwọn èèyàn ní ìwakọ̀ ló tà fi rà wọ́n. Mo ti sọ nígbà náà pé ká ra ẹyọ kan sílé ká fojú kan etí rẹ̀. Ó ní mi ò ríran jìnnà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Kò jẹun. Àánú rẹ̀ ṣe mí — díẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Àánú ti tán. Onídìrí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, òun náà ra ehoro, ló mú ọkọ mi lọ sípàdé àwọn tó pàdánù. Wọ́n sanwó ìwọlé. Àwọn tówó wọn ti lọ, wọ́n tún ń sanwó kí wọ́n lè gbọ́ pé owó wọn ti lọ. Ó padà dé, eyín ló ń fi sọ̀rọ̀. Ó ní òun ò pàdánù, ẹ̀kọ́ lòun rà. Mo ní ẹ̀kọ́ yẹn wọ́n o. Ó tún rẹ́rìn-ín. Láti òní lọ, Ọ̀gá Ẹ̀rín lorúkọ rẹ̀ níbí.

Ọjọ́ Ajé, 10
Ó dúró níwájú dígí, ó ń kí ara rẹ̀ kú oríire, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn nípàdé.

Ọjọ́rú, 12
Akẹ́kọ̀ọ́ kan dé, kò mọ̀ pé ọkọ̀ ti lọ. Ọ̀gá Ẹ̀rín fi í jókòó sórí àga ní pálọ̀, ó gbé ọmọrí ìkòkò mi lé e lọ́wọ́ — sítíárìn nìyẹn. Ó ní kó máa wo ẹ̀yìn kó tó yà. Èmi ni mo wà lẹ́yìn, nídìí máṣíìnì, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ṣùgbọ́n máṣíìnì ìránṣọ yìí nìkan ló ń bọ́ wa báyìí, mo sì rí i bó ṣe ń wò ó. Bó bá gbé e tà, a gbé.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Mo fi ṣéènì so máṣíìnì mọ́ irin fèrèsé. Ẹni ejò bá bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Ọkọ tèmi, bó rí ejò, á bi í pé èlé mélòó ló ń san.

Ọjọ́rú, 19
Onídìrí ra fíríìjì tuntun. Ó ní owó oyin lòun fi rà á, oyin ni wọ́n ń ṣe báyìí: o ra ilé oyin, wọ́n á bá ọ sìn ín níbi jíjìn, owó á máa wọlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo fi í ṣe ẹlẹ́yà títí ó fi jáde.

Ọjọ́bọ̀, 20
Fíríìjì yẹn ń ṣe omi dídì fúnra rẹ̀. Mo kàn lọ wò ó ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22
Oyin yàtọ̀ sí ehoro. Oyin kì í jẹun lọ́wọ́ ẹni. Ẹni tó ń ra máṣíìnì àlòkù ti dá iye lé tèmi. Kó tó pẹ́, màá ra méjì dípò rẹ̀, màá sì ra ọkọ̀ fún Ọ̀gá Ẹ̀rín. Kò gbọdọ̀ gbọ́ ná.

Ọjọ́ Ajé, 24
Mo tú ṣéènì láàárọ̀. Alálòkù gbé ọmọlanke dé. Ọ̀gá Ẹ̀rín ń kọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́ — wọ́n ti di mẹ́ta lórí àga báyìí, wọ́n sì ń sanwó. Ó gbé ọmọrí sílẹ̀, ó ní kí ló dé. Mo ní oyin. Kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé, Ìyá wọn, ṣé o ti fojú kan ẹyọ kan nínú oyin ọ̀hún? Mo ní kò ríran jìnnà.

Ọ̀rọ̀ yẹn jáde tán, mo gbọ́ ọ.

Ó bẹ alálòkù kó máa lọ. Ó so ṣéènì padà, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò ara rẹ̀. Inú ṣì ń bí mi. Fíríìjì onídìrí ṣì ń ṣe omi dídì. Ọkọ mi sì jàre, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Mo padà sídìí máṣíìnì. Mo ń gbọ́ ọ bó ṣe ń sọ fún wọn pé kí wọ́n wo ẹ̀yìn kí wọ́n tó yà. Mi ò rẹ́rìn-ín.