Àgbákò Kì Í Ṣe Ohun À Ń Juwọ́ Pè

Ọjọ́bọ, lẹ́yìn ìrun àṣálẹ́

Ọ̀rọ̀ tí bàbá kan sọ sí mi láàárọ̀ òní ṣì ń ká mi lára. Wọ́n dúró sí ìta Ajíbọ́dé, wọ́n juwọ́ sí mi, mo sì yà bá wọn. Ìgbà tí mo ṣí akoto lórí ni wọ́n rí i pé obìnrin ló ń wa ọ̀kadà. Wọ́n fò sẹ́yìn.

"Àgbákò rèé o! Èmi ò ní kàgbákò láàárọ̀ yìí."

Àdúrà Màámi ni wọ́n fẹ́ẹ́ sọ di èébú mọ́ mi lórí. Kí n tó jáde nílé, Màámi á ní, "O ò ní kàgbákò lọ́nà." Àwọn náà ló kọ́ mi pé aburú téèyàn ṣàdédé kò lójú ọ̀nà, tí kò retí, là ń pè ní àgbákò.

Mo ní, "Bàbá, a kì í pe àgbákò. Ẹ̀yin lẹ juwọ́ pè mí."

Ìyá alákàrà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bú sẹ́rìn-ín. Bàbá wòtún wòsì, wọn ò rí ọ̀kadà míì. Wọ́n gun tèmi. Mo gbé wọn débi tí wọ́n ń lọ.

Lọ́la, màá gbé ọ̀kadà mi lọ bá ẹni tó ń kọ pátákó. Kó kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́yìn ọ̀kadà náà: ẸNI TẸ́RÙ ÀGBÁKÒ BÁ Ń BÀ, KÓ MÁ JUWỌ́.

Màámi á pariwo. Kí wọ́n pariwo.