Sẹ̀kínátù àti Ogún Àgbẹ̀ Amẹ́ríkà

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ààwẹ̀, ẹ sì kú ooru Ìwó. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà yìí kí yín. Ṣé ẹsẹ̀ yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo kí Bọ̀dá mi Làsísì, mo kí ìyàwó wọn tó ń bá wa tọ́jú yín, mo kí tọmọdé tàgbà inú ilé. Ẹni tó bá ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí, kó rọra kà á, kó má fo ibì kankan.

Ẹ ó máa ronú pé kí ló dé tí mo ń kọ̀wé nígbà tí fóònù wà. Màámi, ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé sọ lórí fóònù tó ń já lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Mo sì ti ní kí wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ mùsùlùmí wa ní Peckham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, nítorí pé ohun tí èmi ṣe, ọ̀pọ̀ ìyá tó wà níbí ló ń ṣe é.

Ẹ rántí ẹ̀bẹ̀ tí mo bẹ̀ yín lóṣù tó kọjá. Mo sunkún sí yín létí pé Sẹ̀kínátù, ọmọ mi àgbà tí mo gbé wá bá yín lọ́mọ ọdún kan, tí ẹ pọ̀n, tí ẹ sì tọ́ títí tó fi pé mẹ́fà, ti fi iṣẹ́ kánsù sílẹ̀, pé ìdílé àwọn òyìnbó tó ti kú ló ń wá kiri. Ẹ ní kí n fọkàn balẹ̀. Ẹ ní tí a bá ti túnu ààwẹ̀ tán, ẹ ó pè é, ẹ ó sì fi ẹ̀yìn tí ẹ fi pọ̀n ọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Èmi àti ẹ̀yin la mọ̀ pé tí ẹ bá ti dárúkọ ẹ̀yìn yẹn, ẹjọ́ ti parí. Sẹ̀kínátù ò ní lè sọ pé rárá. Ohun tó jẹ́ kí n tètè kọ̀wé nìyẹn, kí ẹ lè gbọ́ ohun tí ojú mi rí kí ẹ tó pè é.

Iṣẹ́ tèmi ṣì wà bó ṣe wà. Mò ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn, láti òpópónà kan sí òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Peckham Rye. Wọ́n ní ìgbà òtútù ti lọ, àmọ́ atẹ́gùn tó ń fẹ́ níbi tí a ti ń wọ bọ́ọ̀sì ní Old Kent Road láàárọ̀ ò tíì gbọ́. Kàbírù, àbúrò Sẹ̀kínátù, ti kó lọ sí Deptford. Ọjọ́ tí ebi ìrẹsì mi bá ń pa á ló máa ń rántí pé òun ní ìyá. Èmi àti Sẹ̀kínátù ló kù nínú ilé. Ilé tó bá dákẹ́, àròkàn ló máa ń bí. Mo rò ó títí. Ọmọ tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, kò tíì lọ́kọ, kánsù ń sanwó fún un lóṣooṣù, owó ìfẹ̀yìntì ń bẹ níbẹ̀, ó kàn dìde lọ́jọ́ kan, ó ní òun ò ṣe mọ́.

Iṣẹ́ tó lọ ṣe nìyí. Ilé-iṣẹ́ kan wà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń sanwó fún pé kó bá àwọn wá àwọn baba ńlá àwọn. Wọ́n fún Sẹ̀kínátù lóṣù mẹ́ta láti fi dán an wò. Ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ní Amẹ́ríkà fẹ́ mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni òun ṣẹ̀ wá látọ̀dọ̀ àgbẹ̀ kan tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí lọ síbẹ̀ nígbà tí Amẹ́ríkà ṣì wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé tí àgbẹ̀ náà fi há ogún rẹ̀ wà, ìyẹn wíìlì. Ìwé ṣọ́ọ̀ṣì wà, ìwé ilẹ̀ wà. Wọ́n ti ya gbogbo wọn ní fọ́tò. Sẹ̀kínátù á tẹ̀ wọ́n jáde, á tẹ́ wọn kún orí tábìlì ìjẹun. Tí mo bá fẹ́ gbé abọ́ kalẹ̀, òkú òyìnbó ti gba gbogbo àyè. Mo ní ìwọ Sẹ̀kí, òkú òyìnbó lo mọ̀ ọ́n wá, àwọn alààyè tó ń wá ẹ láti fi ẹ́ ṣaya, o ò rí wọn. Ó ní Mummy, ẹ jọ̀ọ́ o, àwọn òkú yìí kì í yọ èèyàn lẹ́nu ní tiwọn.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mò ń ṣa ẹ̀wà tí a máa fi dín àkàrà ìṣínu, mo rí i tó fọwọ́ lérán. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní àgbẹ̀ yẹn ni. Ọmọ méje ló bí. Nínú wíìlì, ó pín ilẹ̀ rẹ̀ sí méjì ọgbọọgba, ó kó ìdajì fún àwọn ọmọ méjì, ó ní kí àwọn márùn-ún yòókù lọ pín ìdajì tó kù. Sẹ̀kínátù ní irú bàbá wo nìyẹn? Ó ní àbí ọkùnrin méjì ló ń jẹ́ orúkọ kan náà, tí òun ti da ọmọ wọn pọ̀? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti fi ń wá ọkùnrin kejì, kò rí i. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ méjì yẹn sì ni ìyá àgbà náà gbà pé òun ti ṣẹ̀ wá, torí náà, bí ọ̀rọ̀ ìpín yìí kò bá yé Sẹ̀kínátù, okùn já nìyẹn.

Màámi, ọwọ́ mi dúró nínú ẹ̀wà. Mo ní ìyá mélòó ló bí wọn? Ó ní ọ̀kan, pé orúkọ ìyàwó kan ṣoṣo ló wà nínú wíìlì. Mo ní èyí tó wà láàyè nìyẹn. Èyí tó ti kú, kí ni kí wọ́n há fún un?

Mo wá sọ ọ̀rọ̀ oko Bàbá wa fún un, ohun tí n kò sọ fún un rí. Mo ní nígbà tí Bàbá kú, àwọn àáfà sọ tiwọn, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ẹbí ní ìdí-igi làwọn ó fi pín oko kòkó: ìyá kan, ìpín kan. Ìyáálé yín, ọmọ kan péré ni wọ́n bí, ó gba odindi ìdajì. Àwa márùn-ún tí ẹ bí, ìdajì kan la jọ pín. Mo ní mo sunkún lọ́jọ́ náà pé wọ́n rẹ́ wa jẹ, ẹ sì gbá mi lẹ́nu, ẹ ní ẹni tó ń ka ìpín ọmọ ìyá ẹlòmíràn kò ní gbádùn tirẹ̀. Sẹ̀kínátù ní Mummy, seriously, ẹ ò sọ èyí fún mi rí. Mo ní ṣé o bi mí ni?

Ní ọjọ́ kẹrin, ó pè mí lẹ́nu iṣẹ́, ó ń pariwo. Ó ti rí i. Ìyàwó àkọ́kọ́ wà nínú ìwé ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kú ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣèrìbọmi fún ọmọ rẹ̀ kejì. Bàbá obìnrin náà ló fún un ní ilẹ̀ ẹ̀bá odò, ilẹ̀ yẹn gan-an sì ni ìdajì tí ọkọ rẹ̀ pa mọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Kò ṣojúsàájú rárá. Mo ní Sẹ̀kí, àgbẹ̀ yẹn mọ ìdí-igi! Ó ní Mummy, mi ò lè kọ ìyẹn sínú report o.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ó rí i ló yí ọkàn mi padà. Ìwé mìíràn wà níbẹ̀. Nígbà tí àgbẹ̀ náà kú, àwọn aládùúgbò rẹ̀ wá kọ gbogbo ohun tó ní sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: màlúù, ìkòkò irin, ibùsùn tí wọ́n fi ìyẹ́ ẹyẹ kún. Láàárín màlúù àti ibùsùn, wọ́n kọ obìnrin dúdú kan tó ń jẹ́ Dinah, wọ́n sì fi iye owó síwájú rẹ̀. Mo ní kó pa ìwé yẹn dé. Ó ní rárá. Ó ti ya ojú ìwé kan sọ́tọ̀ fún Dinah, ó ń wá a nínú gbogbo ìwé tó kù: ta ló mú un lọ, ibo ló kú sí, ṣé ó bímọ. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní ìyẹn ò sí nínú iṣẹ́ tí àwọn gbé fún un. Ó ní òun mọ̀, àsìkò ìsinmi òun lòun fi ń ṣe é. Ó sì kọ̀wé sí ìyá àgbà náà, kò fi ohunkóhun bò. Ìyá yẹn ò fèsì fún odindi ọjọ́ mẹ́jọ. Mo ní ó tán, iṣẹ́ ti bọ́. Ìgbà tó máa fèsì, ó ní kí Sẹ̀kínátù máa wá Dinah lọ.

Ó ti rí ìwé méjì tó dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀kẹta jọ ọ́, àmọ́ kò dá a lójú, ó sì fi báírò pupa kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò tíì dájú. Mo ní ta ló máa mọ̀ tó o bá ní òun náà ni? Ó ní òun á mọ̀.

Màámi, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ ní ìyẹn. Kì í ṣe èmi.

N kò ní parọ́ fún yín, àyà mi ṣì ń já. Oṣù mẹ́ta yẹn ò tíì pé, wọn ò sì tíì sọ bóyá wọ́n máa gbà á. Ó lè ṣòro fún wa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ẹ̀yìn yín bẹ̀ ẹ́, yóò padà sí kánsù láìjiyàn, èmi ni mo sì máa jẹ́ ẹni tó fà á kúrò níbi tó ti mọ̀ ọ́n ṣe. N kò lè gbé ẹrù yẹn. Ẹ̀bẹ̀ tí mo fi ẹnu mi bẹ̀ yín, mo ti kó o jẹ. Ẹ dákun, ẹ má bá a wí.

Ẹ pè é ṣá o. Ó ń retí ohùn yín. Ó ní kí n ka àwọn ìyá tó ṣáájú mi fún òun. Mo ka ara mi, mo kà yín, mo dé orí ìyá tó bí yín, mo dúró, n kò mọ ẹni tó bí wọn. Ẹ̀yin ló fẹ́ bi. Orúkọ tí ẹ bá mọ̀, ẹ sọ fún un. Èyí tí ẹ ò bá mọ̀, ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe kọ ọ́.

Ọlọ́hun á gba ààwẹ̀ wa. Á fi ẹ̀mí gígùn àti àlàáfíà jíǹkí yín, a ó fojú kan ara wa láyọ̀. Á bá wa gbé Sẹ̀kínátù ga, á sì fún un lọ́kọ rere. N kò tíì fi ìyẹn sílẹ̀ o, ẹ bá mi ṣàmín. Ẹ bá mi kí Bọ̀dá Làsísì, ẹ kí gbogbo ará ilé àti ará oko.

Èmi ni ọmọ yín tòótọ́,
Ràmátù, ní Peckham.