Àwọn Tó Bí Takemi Ń Pè É Padà Sílé

Ilé Kwaku Dapaah,
Nyinaso.
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn tí a wa iṣu tán.

Afua Nyarkoaa, ọmọ mi,

Mo kí ọ kí n tó jókòó, mo sì tún kí ọ lẹ́yìn tí mo jókòó tán. Ṣé dáadáa lo wà ní Accra lọ́hùn-ún? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọ̀gá rẹ bá ọ wí lójú ẹni tó kéré sí ọ. Iná pupa tí wọ́n ní ó máa ń dá ènìyàn dúró lójú títì yín kò ní dá oríire rẹ dúró láé, àmín. Ìyá rẹ, Abrafi, ní kí n kí ọ, eékún rẹ̀ sì tún kí ọ lọ́tọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ eékún yẹn la ń bá jí lójoojúmọ́. Ewúrẹ́ tí o fi sílẹ̀ ní kékeré nígbà tí o wá kẹ́yìn ti bímọ, ọmọ rẹ̀ náà ti bímọ, a ò wá mọ ohun tí èyí tó kéré jù yóò máa pè ọ́.

Èmi fúnra mi ni mo ń fọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí, kì í ṣe Tíṣà Anim tó máa ń bá mi kọ ọ́. Ìdí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, má sáré.

Ọ̀rọ̀ Takemi ni mo fẹ́ sọ, ọkọ̀ Jàpáàn tí o rà fún mi ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tí o wà á wá fúnra rẹ, tí o fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, tí o sì bá ọkọ̀ èrò padà lọ lọ́jọ́ kejì. O mọ bẹ́ńṣì wa lábẹ́ igi dongoyaro ní gáréèjì, níbi tí àwa awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ti ń dá ọkọ̀ ayé gbogbo lẹ́jọ́. Láti ọjọ́ tí Takemi ti dé ni Kofi Baawuah kò ti fún mi nísinmi. Èmi àti ẹ̀ la jọ wa ọkọ̀ agbégi fún ogún ọdún, ọ̀rẹ́ mi ni, ṣùgbọ́n tó bá ti kan ọ̀rọ̀ Dorval, ọkọ̀ Faransé rẹ̀ àtijọ́ yẹn, kò mọ ọ̀rẹ́ mọ́. Ó ní ọkọ̀ tí kò bá ṣeé fi òòlù àti wáyà tún ṣe kì í ṣe ọkọ̀, àlejò ni. Ó ní ike tí wọ́n fi bo ẹ́ńjìnnì Takemi, kí ló ń fi pamọ́? Ó ní òun fi ọṣẹ dí ihò táǹkì Dorval lọ́dún tí wọ́n bí ọ, ọṣẹ ọ̀hún kò tíì yọ́ dòní, àti pé láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kú sọ́nà. Òótọ́ ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ṣùgbọ́n ó kú fún ọdún méjì, adìyẹ sì yé, ó pa, nínú bùútù rẹ̀. Ẹ bá mi wò ó. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ tọmọ ẹlòmíì, mi ò bá a jà.

Èmi náà ò dákẹ́ o. Mo sọ fún wọn pé lọ́jọ́ tí mo gbé iṣu sórí àga iwájú, Takemi bẹ̀rẹ̀ sí í ké, kín-ín, kín-ín, kò dákẹ́ títí mo fi de bẹ́líìtì fún iṣu náà. Mo bi wọ́n léèrè pé nínú gbogbo ọkọ̀ Faransé tí wọ́n ti gùn rí, èwo ló ṣàánú iṣu? Ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ́gun Baawuah dáadáa, mo sì ra ẹ̀pà sísun fún gbogbo bẹ́ńṣì.

Àfi bó ṣe di ọjọ́ Ajé tó kọjá yìí. Fóònù mi dún, ìwé kékeré kan wọ inú rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, mo gbé e lé Tíṣà Anim lọ́wọ́ lórí bẹ́ńṣì, ó kà á, ó tún un kà, ó wá ní àwọn tó ṣe Takemi ló kọ̀wé, wọ́n ní àwọn ń pè é padà, òun àti gbogbo irú rẹ̀ tí wọ́n ṣe lọ́dún yẹn, kí á tètè gbé e wá sọ́dọ̀ àwọn ní Kumasi.

Ọmọ mi, àyà mi já. Ìwọ náà mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa, bí àwọn òbí ìyàwó bá ránṣẹ́ pé kí ọmọ wọn máa bọ̀ nílé: ọkọ ò tọ́jú ẹ̀, wọ́n sì ti gbọ́. Gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mi ló wá sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan. Mo fi í kó ènìyàn mọ́kànlá lọ síbi ìsìnkú. Mo fi í kó èédú. Mi ò fọ̀ ọ́ láti Ọdún Àjíǹde. Mo gba fóònù lọ́wọ́ Tíṣà, mo gbé e sétí, mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá ìwé náà sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n ṣe sùúrù, àgbàlagbà ni mí. Wọn ò dá mi lóhùn. Mo ní inú ti ń bí wọn nìyẹn.

Baawuah fò sókè. Ó ní òun ti wí, òun ti wí, ẹnikẹ́ni ò pe Dorval padà rí, àti pé ilé iṣẹ́ tó ń pe ọkọ̀ padà dà bí alásè tó bọ́ sójú ọ̀nà tó ń pariwo pé kí gbogbo ẹni tó ra oúnjẹ òun tètè tu ú dànù. Tíṣà ní ṣé alásè tó mọ̀ tó sì dákẹ́ ló wù ú? Tíṣà ní ẹní bímọ ọ̀ràn ní ń pọ̀n ọ́n, àwọn tó bí Takemi ò sá fún un. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi fa ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, èmi tí mo ni ọkọ̀ ò lè jẹun. Ta ni yóò máa gbé ìyá rẹ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ Ẹtì? Mo pè ọ́. Obìnrin inú fóònù yẹn ló tún gbé e, ó ní o ò sí nítòsí. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi sọ fún ọ, ó já fóònù mọ́ mi létí. Afua, ọdún kẹta rèé tí obìnrin yẹn ti ń bá mi sọ̀rọ̀ jù ọ́ lọ.

Nígbà tí ó di Ọjọ́bọ̀, mo ṣe ohun tí bàbá mi ì bá ṣe. Mo ra sínáàpù ìgò méjì, mo fọ Takemi, mo da aṣọ ńlá mi bora, mo sì lọ bẹ ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn jù ní Nyinaso pé kó bá mi ṣe agbẹnusọ níwájú àwọn àna mi. Baawuah ni. Ó ti ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn, ó ní ṣé òun ni yóò wá máa bẹ̀bẹ̀ fún ọkọ̀ oníke, ṣùgbọ́n ó wọ aṣọ tirẹ̀ náà. Kí a tó dé Kumasi, ó ti ṣí ìgò kan, ó ní ọ̀fun gbígbẹ kì í bẹ àna.

Ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ mẹkáníìkì, Dufie lórúkọ rẹ̀, ló jáde sí wa. Baawuah dìde, ó fi aṣọ sí èjìká, ó sì sọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé omi bọ́ lójú èmi gan-an. Ó ní ọkọ yìí jẹ̀bi, òmùgọ̀ ni, láti kékeré ló ti ya òmùgọ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ìyàwó yìí, kódà ó ń de bẹ́líìtì fún iṣu nítorí tirẹ̀. Gbogbo àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe fi iṣẹ́ sílẹ̀. Dufie fi ọwọ́ bo ẹnu díẹ̀, ó wá fà wá jókòó, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Bàbá," ó ní, "kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ yín. Àwọn tó ṣe é ló rí i pé ohun kan wà lára ẹ̀ tó lè ṣe yín léṣe, wọ́n ní kó wá sílé káwọn yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ óò gbé e lọ lónìí náà."

Ó ní irọ̀rí afẹ́fẹ́ kan wà nínú sítíárìn, èyí tó ń wú láti gba àyà awakọ̀ bí ọkọ̀ bá forí gbá nǹkan, pé kò dára tó. Mo bi í léèrè bóyá mo lè máa mú irọ̀rí náà wọlé lálẹ́, ó ní rárá. Lẹ́yìn náà ó ki okùn bọ abẹ́ sítíárìn, ó ń wo Takemi lórí tẹlifísọ̀n kékeré, ó sì wojú mi, ó ní ṣé mo mọ̀ pé mo ń sáré jù? Takemi ti rojọ́ mi! Gbogbo ohun tí mo ṣe ló ti sọ fún àwọn òbí rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń ṣe é lọ́wọ́ ni Baawuah fa Dufie sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rò pé mi ò gbọ́. Ó ní kó jọ̀ọ́, kó bá òun wo inú ẹ̀rọ rẹ̀, bóyá àwọn tó ṣe Dorval ránṣẹ́ kankan. Ọmọbìnrin náà ní, Bàbá, ilé iṣẹ́ yẹn ti kógbá sílé, ó ti pé ọdún mọ́kàndínlógún.

A ń bọ̀ wálé, Baawuah kò bú Takemi, kò bú èmi. Nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ Nyinaso ló sọ fún mi pé:

"Dapaah, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Kò sẹ́ni tó béèrè ẹ̀ rí."

Mo kàn rọra ń wakọ̀. Láàárọ̀ yìí ó ti padà sórí bẹ́ńṣì, ó ní Dorval dára débi pé ọkàn àwọn tó ṣe é balẹ̀ kí wọ́n tó kú. Ṣùgbọ́n mo kọjá nílé rẹ̀ kí oòrùn tó là, mo rí i tó ń fi kàn-ìn-kàn-ìn wẹ Dorval.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún epo Takemi àti oògùn eékún ìyá rẹ. Ìgò sínáàpù kejì kò ṣòfò, Dufie ò gbà á, mo ti gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹnikẹ́ni ò ní ṣí i títí ìwọ yóò fi dé.

Ibí yìí ni mi ò fẹ́ kí Tíṣà kà. Afua, àwọn ará Jàpáàn ò mọ̀ mí rí. Wọ́n ti gba owó wọn tán lórí Takemi, òkun wà láàárín wa, síbẹ̀ wọ́n ránṣẹ́ pé kó wá sílé káwọn yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi tí mo bí ọ, mi ò pè ọ́ rí, mo ń wò ó pé iṣẹ́ pọ̀ fún ọ. Ó dùn mí. Nítorí náà mo pè ọ́ padà o, ìwọ àti gbogbo irú rẹ tí a bí lọ́dún yẹn, ìwọ nìkan ṣoṣo sì ni. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà ọ́ lọ́wọ́ Accra. A kàn fẹ́ yẹ̀ ọ́ wò láti orí dé ẹsẹ̀ ni. Ọ̀fẹ́ ni. Bí o bá ní dandan ni, lọ́jọ́ náà la ó dá ọ padà.

Ọ̀nà tí o máa gbà wá yóò tẹ́jú fún ọ, o kò ní kọsẹ̀, ilẹ̀ kò ní ṣú mọ́ ọ lọ́nà.

Èmi ni Kwaku Dapaah,
ilé iṣẹ́ tó ṣe ọ́, a ò tíì kógbá sílé.