Àwòrán Inú Orí Bàbá Rẹ

Àkọ́bí mi, ọmọ mi obìnrin,

Ṣé dáadáa ni o wà, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun yó, ṣé iṣẹ́ kò wọ ọkọ rẹ lọ́rùn jù? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ilé tiwa tí kò ní kọ́kọ́rọ́, òun náà ni yóò máa ṣọ́ tiyín tó ní kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta. Ẹsẹ̀ tí ẹ bá gbé jáde, òun náà ni ẹ ó gbé wọlé. Bí o bá béèrè wa, a wà láàyè, àwa méjèèjì, mo sì fẹ́ kí o ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì kí o tó ka ìyókù.

Èmi fúnra mi ni mo ń kọ ìwé yìí. Ìyàwó bíríkìlà kan tí màá sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú ní kí òun bá mi kọ ọ́, mo ní mo dúpẹ́, mo ka ìwé dé kíláàsì kejì, iléèwé kọ́ ló lé mi, èmi ni mo fi í sílẹ̀. Ó di ọjọ́ kẹta tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù, torí mo mọ̀ pé àwọn kan wà tó jókòó sínú fóònù tí wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni yìí gbé e fún ẹni yẹn, iṣẹ́ wọn nìyẹn, mi ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa bá mi gbé.

Bàbá rẹ ní àrùn rọpárọsẹ̀. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ méje. Má figbe ta, má sì gbé báàgì. Jókòó kí o kà á tán.

Ìwọ náà mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, bí o kò tilẹ̀ mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí o pe bàbá rẹ pé kí a ti ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun pa, kí a kó wá sọ́dọ̀ rẹ, tí ó ní ó dára, èmi ò sí nílé. Nígbà tí mo dé ni ó ń sọ ọ́ fún mi bí ẹni tó ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń gbá irun orí ọlọ́rí kúrò nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yẹn láràárọ̀, òun sì fi ẹnu lásán tì í pa láì bi mí. Mo ká ẹní mi, mo kó lọ sí yàrá tí o ń sùn nígbà tí o wà lọ́mọdé, mi ò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Màá gbé oúnjẹ rẹ̀ sórí tábìlì, màá sì ti kúrò níbẹ̀ kí ó tó fa àga. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko. O mọ̀ mí, bí mo bá ti di ọ̀rọ̀ sínú, ó ti dì nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, nígbà tí àwọn ọmọ iléèwé ń kọjá, mo gbọ́ tí àga ṣubú nínú ṣọ́ọ̀bù. Ògiri kan péré ló wà láàárín wa. Àga ìgẹrun yẹn, irin ni ẹsẹ̀ rẹ̀, kì í dédé ṣubú. Mo sọ fún ara mi pé ó ń fi àga bínú sí mi ni, pé ó fẹ́ kí n wá béèrè. Mi ò lọ. Mo ká aṣọ tó wà níwájú mi tán, mo tú u, mo tún un ká.

Bíríkìlà tó ń mọlé sí òdìkejì ọ̀nà ló wọlé wá fá irùngbọ̀n, òun ló pè mí. Bàbá rẹ wà nílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri lábẹ́ dígí ńlá, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì wà lórí itan rẹ̀ bí ẹrù tí ẹlòmíràn gbàgbé síbẹ̀. Bíríkìlà ní kí ó rẹ́rìn-ín, ìdajì ojú rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ó gbé apá méjèèjì sókè, ẹyọ kan ló gòkè. Ó ní kí ó dárúkọ ara rẹ̀, ohun tó jáde kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni. Bíríkìlà ní ohun tó ṣe àbúrò òun gẹ́lẹ́ nìyí, pé odindi ọjọ́ kan ni àwọn fi ń fi òróró pa á lára kí àwọn tó gbé e kúrò nílé, pé a ò ní fi nǹkan kan pa bàbá lára, ọsibítù ni à ń lọ báyìí. Mo ní kí ó jẹ́ kí n bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ yẹn lọ́rùn rẹ̀ ná. Ó ti gbé e pọ̀n bí àpò sìmẹ́ńtì, ó ń lọ, èmi ń sáré tẹ̀ lé e.

Ní ọsibítù wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n béèrè níbẹ̀ pé ta ló sún mọ́ aláìsàn jù. Mo wò yíká dáadáa, mo kọ nọ́ọ̀sì síbẹ̀, torí òun ló dúró níbi orí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní ìyá, ẹ̀yin ńkọ́. Mo ní èmi wà níbi ẹsẹ̀.

Dókítà wọlé, ọmọdé gbáà ni, ẹni tó gẹ irun fún un kò sì mọ iṣẹ́, ká ní ẹnu bàbá rẹ ń ṣiṣẹ́ ni ì bá sọ fún un. Ìbéèrè kan ló bi mí, ó ní ìgbà wo ni mo rí bàbá kẹ́yìn tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Àkọ́bí mi, ọ̀rọ̀ yẹn já mi láyà. Bíríkìlà dúró níbẹ̀, nọ́ọ̀sì dúró níbẹ̀, obìnrin kan tó wá tọ́jú ọkọ tirẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó na etí sílẹ̀. Ṣé kí n wá sọ lójú wọn pé mi ò wo ojú ọkọ mi láti ọjọ́ mẹ́rin. Mo purọ́. Mo ní a jọ jí ni, a jọ jẹun, ó sì kí mi kí ó tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní ìyẹn dára. Ó ní bóyá ẹ̀jẹ̀ kan ló dì tó dí ọ̀nà nínú ọpọlọ bàbá, pé oògùn wà tó lè yọ́ ọ, ṣùgbọ́n wákàtí díẹ̀ péré lẹ́yìn tó bá bẹ̀rẹ̀ ni oògùn náà dára fún. Bí àkókò bá ti kọjá, oògùn kan náà lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dà sínú orí, kí ó sì pa á. Ó ní àwọn máa kọ́kọ́ ya àwòrán inú orí rẹ̀, kí àwọn lè rí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Wọ́n fẹ́ ya inú orí. Ta ni kò mọ̀ pé inú orí ni ènìyàn ń kó ọ̀rọ̀ sí. Wọ́n á rí ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n á rí abọ́ oúnjẹ lórí tábìlì tí ẹnikẹ́ni ò jókòó tì, wọ́n á rí ẹ̀yìn mi bí mo ṣe ń kúrò níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ á jáde sórí pépà, dókítà á sì gbé e wá bá mi níwájú obìnrin orí bẹ́ǹṣì yẹn. Èmi kọ́ ni ẹ̀rọ máa tú láṣìírí. Bí ọ̀rọ̀ mi bá máa jáde, láti ẹnu mi ni.

Mo di aṣọ funfun dókítà mú lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní irọ́ ni mo pa. Mo ní ọjọ́ karùn-ún rèé tí èmi àti ọkọ mi ò tíì sọ̀rọ̀, mo ní ìrọ̀lẹ́ àná ni mo rí i kẹ́yìn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo sì rí. Mo ní mo gbọ́ tí àga ṣubú nígbà tí àwọn ọmọ iléèwé ń kọjá, mi ò sì dìde. Mo sọ ọ́ sókè, kí obìnrin orí bẹ́ǹṣì má baà na ọrùn.

Bírò dókítà dúró. Ó fa igi lé ohun tó ti kọ, kò sì bá mi wí. Ó ní ìyá, ẹ̀rọ kankan ò lè rí ìjà, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ sọ yìí ti yí gbogbo iṣẹ́ padà. Ó ní níwọ̀n bí ẹnikẹ́ni ò ti rí i láti àná, a ò lè fi ariwo àga nìkan ṣe ẹ̀rí. Ó ní bí ó bá jẹ́ ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni, àwọn ò ní lè fún un ní oògùn yẹn rárá, àwọn á kàn máa wò ó ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ mìíràn wà báyìí, tó ń ya àwòrán lọ́nà méjì. Bí ọgbẹ́ bá hàn nínú ti àkọ́kọ́ tí kò sì tíì hàn nínú èkejì, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, àyè ṣì wà. Ó ní ó dà bí ilé tó ń jó, tí a ti rí iná ṣùgbọ́n tí ògiri ò tíì dúdú. Èyí yé mi. Ó yé bíríkìlà jù mí lọ.

Wọ́n bọ́ òrùka rẹ̀, mo so ó mọ́ etí ìró mi. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ya irun rẹ̀, agẹrun kì í ya fọ́tò pẹ̀lú orí wúruwùru. Nọ́ọ̀sì ní ọpọlọ nìkan ló máa hàn. Mo ní kí ó ṣáà fún mi ní ìyàrun. Ìgbà tó máa fi dé, wọ́n ti tì í wọlé. Ẹ̀rọ náà dà bí kànga tí wọ́n gbé dùbúlẹ̀, ó sì ń dún bí ẹni tó ń kan ìṣó. Wọ́n fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí ọ̀gá dókítà kan tó wà ní ìlú ńlá, mi ò rí ẹni tó gbé e lọ, mi ò sì gbọ́ ìró mọ́tò, àmọ́ kí n tó mu omi inú kọ́ọ̀pù tán ìdáhùn ti dé. Àyè ṣì wà. Wọ́n fi oògùn náà sí i lápá.

Lọ́jọ́ kejì ẹnu rẹ̀ ti ń padà sí ààyè. Lọ́jọ́ kẹfà ó pè mí. Ó ń gbé ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ru omi tó kún. Ó béèrè pé ṣé mo gbọ́ àga. Mo ní mo gbọ́. Nọ́ọ̀sì wá pààrọ̀ omi tó ń kán sí i lára, ó sì tún jáde. Bàbá rẹ wá ní ká ní èmi ni mo ṣubú ni, òun náà ò ní wá. Mo rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú mi, mo ní ẹnu rẹ̀ ti yá nìyẹn.

Ọwọ́ ọ̀tún ni kò tíì gbọ́ràn. Ọmọbìnrin kan wà ní ọsibítù tó ń kọ́ àwọn aláìsàn bí wọn yóò ṣe tún máa lo ara wọn, láti ìgbà tí wọ́n ti ní ká máa lọ sílé, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ la ń lọ bá a. Ó máa ń gbé dígí sí àárín ọwọ́ bàbá rẹ méjèèjì, ọwọ́ ọ̀tún á wà lẹ́yìn dígí, ó ní kí ó máa ṣí ọwọ́ òsì kí ó máa pa á dé, kí ó sì máa wo inú dígí. Lójú ẹni, àfi bíi pé ọwọ́ ọ̀tún ló ń ṣe é. Mo ní irọ́ gbuu lèyí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni ìyá, ọpọlọ ni a ń pa á fún. Ó ní ọ̀nà tí ọpọlọ ń gbà dé ọwọ́ ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n bí a bá ń ṣe é lójoojúmọ́, ọpọlọ arúgbó pàápàá lè la ọ̀nà mìíràn. Bàbá rẹ ní òun ti ń wo dígí láti ogójì ọdún, òun mọ bó ṣe ń purọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa pa ọmọbìnrin yẹn lẹ́rìn-ín nìyẹn.

Ẹjọ́ mi ni ọmọbìnrin náà wá ń rò. Ó ní gbogbo bọ́tìnì tí mo bá bá bàbá dì, mo ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní ọmọ márùn-ún ni mo fi bọ́tìnì tọ́. Ó ní èyí kì í ṣe ọmọ. Mo bínú títí mo fi délé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo jókòó sórí ọwọ́ ara mi, mo ń wò ó. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí oúnjẹ fi tutù, ṣùgbọ́n bàbá rẹ dá bọ́tìnì ẹyọ kan dì. Kò sí ohun tó le lára mi tó ìjókòó yẹn láti ìgbà tí mo ti dáyé. Dókítà ò ṣèlérí pé bàbá rẹ yóò tún mú abẹ ìgẹrun. Ó ní àtàǹpàkò tó ń mira yìí, ohun rere ni.

Wọ́n tún fún wa ní ẹ̀rọ tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo wọ̀ ọ́ lápá lẹ́yìn bàbá rẹ, nọ́ńbà tèmi sì pọ̀ ju tirẹ̀ lọ gan-an, mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, àfìgbà tí ọmọbìnrin yẹn ní ẹni tó borí ló pàdánù. Èmi náà ti ń lo oògùn báyìí. Obìnrin inú fóònù tí o fún wa ló ń pè wá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ pé àsìkò oògùn ti tó. Mo máa ń kí i, mo máa ń béèrè àwọn ọmọ rẹ̀, kò dáhùn rí. Ṣùgbọ́n kì í pa ọjọ́ jẹ, mo sì ti dárí jì í.

Ní ti kíkó wá sọ́dọ̀ rẹ, mi ò tíì gbà. Àmọ́ orí tábìlì kan náà la ti ń jà sí i báyìí. Wá wò wá, ṣùgbọ́n bí o bá dé, má bá a gbé ṣíbí o. Fi owó ọkọ̀ ọsibítù ránṣẹ́ àti ti oògùn, kí o sì fi bátìrì ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru sí i. Fi rán awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà yín, má fi gba bánkì. Ẹ̀rọ ara ògiri wọn ní kí n mú nọ́ńbà àṣírí wá, mo sọ ọ́ fún un ketekete, gbogbo ẹni tó tò sẹ́yìn mi ló gbọ́, òun nìkan ni kò gbọ́.

Ohun tí o bá dì mú kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀rọ̀ tí o bá fẹ́ sọ, ahọ́n rẹ kò ní kọ̀ ọ́. Bí ìwọ àti ọkọ rẹ bá jà, oúnjẹ kò ní tutù kí ẹ tó parí rẹ̀. Ẹni tó máa gbọ́ ọ kò ní jìnnà sí ọ.

Èmi ni, ìyá rẹ.

Bàbá rẹ ní kí n má tíì pa ìwé dé. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ọwọ́ ọ̀tún ló fi gbà á. Oòrùn wà lójú fèrèsé nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ó ti kúrò níbẹ̀ báyìí. Ọ̀rọ̀ méjì yìí ló kọ. Mi ò bá a fọwọ́ kàn án.

Mo wà.