Ọ̀rọ̀ Tí N Kò Sọ sí Brynlee

                                        Ilé Afton Beckstead,
                                        Cottonwood Bench,
                                        Utah.
                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 2019.

Thayne, àbúrò mi,

Merlene tó ń pín lẹ́tà ládùúgbò wa ló ń bá mi kọ èyí. Kì í ṣe Janeal ọmọ mi, wàá sì mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Gbogbo ìlà ni mo ní kó kà padà sí mi létí.

Ṣé ara le? Ṣé orúnkún Delora ìyàwó rẹ ti ń gbé e? Àwọn màlúù ńkọ́, ṣé wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè kí yìnyín tó dé? Ara tèmi le. Inú ló bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ Brynlee ọmọ Janeal ni. O mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti lọ. Ó ń mu igbó, ó ń sá nílé ìwé, ó wa ọkọ̀ mi já sínú kòtò omi. N kò ní pè é ní áńgẹ́lì. Ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá, Janeal fọwọ́ sí ìwé, ọkùnrin méjì tí ọmọ náà kò rí rí sì wá mú un nídìí oúnjẹ àárọ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ibùdó aṣálẹ̀ tí wọ́n ti ń fi ìrìn, ẹrù ẹ̀yìn àti òtútù wo ọmọ tí kò gbọ́ràn. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ẹnikẹ́ni kò bi í bóyá ó fẹ́. Orí ilẹ̀ tí o fi háyà fún wọn ni ibùdó náà wà. Mo mọ̀ pé o kò mọ̀ pé ọmọ wa wà níbẹ̀. O ti mọ̀ báyìí.

Wọ́n máa ń ní kí gbogbo ará ilé kọ lẹ́tà sí ọmọ, kí wọ́n to ibi tó ṣe sí wọn lẹ́sẹẹsẹ, òun yóò sì kà á sókè nídìí iná lójú àwọn ọmọ yòókù. Janeal jókòó sídìí tábìlì mi, ó ní kí n sọ tèmi kí òun kọ ọ́. Mo ní kó kọ ọ́ pé inú bí mi nítorí ọkọ̀, ṣùgbọ́n irin ni ọkọ̀. Pé ajá ti bí mẹ́fà. Pé yàrá rẹ̀ ṣì wà bó ṣe fi í sílẹ̀. Mo fa ìlà mi sísàlẹ̀ rẹ̀ dípò orúkọ, bí mo ṣe máa ń ṣe.

Èsì dé lánàá. Merlene kà á fún mi lẹ́nu géètì, ó kà á dé ìdajì, ó tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Ṣé ojú rẹ ti fọ́ ni?"

Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ̀rù ọmọ yìí ń bà yín nínú ilé yín? Pé kó má padà wá?"

Ohun tí ọmọ náà kọ nìyí: "Màmá àgbà, mo ti ka tiyín sókè, pé ẹ̀rù mi ń bà yín nínú ilé yín, kí n má padà wá. N kò ní wá sílé yín mọ́. Ìka ẹsẹ̀ mi ti dúdú, n kò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Wọ́n ní mo ń díbọ́n ni." Ibùdó fi ìwé pélébé kan mọ́ ọn: ọmọ tó bá ń ṣàròyé, ọgbọ́n ló ń dá kí wọ́n lè wá mú un, kí ará ilé má dá a lóhùn.

Mo pe Janeal. Ó ní, "Màmá, agbaninímọ̀ràn wọn ló ní tiyín rọ̀ jù, kò ní mú un ronú."

Mo ní, "O wá fi ẹnu mi lé ọmọ mi jáde."

Ó ní, "Ẹ̀rù ń bà mí kó má kú sínú igbó mímu ni." Ó ń sunkún. N kò bá a sun ún. Mo bi í nípa ẹsẹ̀. Ó ní wọ́n ti kìlọ̀ fún òun pé irú nǹkan tí yóò máa sọ nìyẹn.

Mo pe ibùdó. Ọmọbìnrin kan ní orúkọ mi kò sí nínú ìwé òun. Mo ní, "Ṣé ìka ẹsẹ̀ ọmọ mi wà níbẹ̀?" Ó pa fóònù.

Ọmọ ọdún méje ni mí tí Bàbá yọ mí nílé ìwé kí n máa da àgùntàn nínú aṣálẹ̀ yẹn. Ìwọ lo lọ kàwé. Òtútù ibẹ̀ jẹ ìka ọwọ́ mi méjì, Bàbá sì ní ọ̀lẹ ló ń ṣe mí. Ibẹ̀ kò wo ẹnikẹ́ni sàn. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á; àwọn yìí ní àwọn mọ̀ ju ẹsẹ̀ lọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo pè ọ́, o kì í gbé fóònù. Ọkọ Merlene ń kó kóríko wá sọ́dọ̀ rẹ lónìí, òun ni yóò fi èyí lé ọ lọ́wọ́. Bó o bá fẹ́ mọ̀ bóyá mò ń bínú sí ọ nítorí ilẹ̀ yẹn, mò ń bínú. A ó jà nígbà tó bá yá. Bá mi kí Delora.

Kọ́kọ́rọ́ géètì ilẹ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ. Kọ́kọ́ sọ fún ọ̀gá ọlọ́pàá àgbègbè yín, kó tẹ̀lé ọ wọlé. Kí wọ́n bọ́ bàtà ọmọ náà lójú yín. Bí wọ́n bá ń na ìwé tí Janeal fọwọ́ sí sí ọ, kí wọ́n máa nà án. Ìwọ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ibẹ̀ ni kó o ti pe Janeal, má pè é ṣáájú. Kó o tó gbé Brynlee sọ́kọ̀, sọ fún un pé n kò sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Má fi ìwé kankan hàn án. Fi ẹnu sọ ọ́.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ,
Afton.