Àpótí Ìyá Mi Tí O Sọ Di Fíìmù

Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Bàrákàt,
Ọjà Mboppi,
Douala, Kamẹrúùnù.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kọkànlá, 1994.

Ìwàlọlá,

"Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n" ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà sí ọ láti ìgbà tí a ti kúrò nílé ìwé ní Ẹjìgbò. Lónìí, ọwọ́ mi kọ̀, kò kọ ọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ mi nílé, nítorí náà n ó kí ọ kí n tó bú ọ. Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé ara àwọn ọmọ le? Ẹsẹ̀ tó ń dun bàbá rẹ, ṣé ó ti fúyẹ́ díẹ̀? Ìyá rẹ tí kì í fẹ́ kí n kúrò nílé wọn láìjẹun, bá mi kí i dáadáa, sọ fún un pé mo ṣì ń rántí. Ọlọ́run á dá gbogbo wọn sí. Ìwọ fúnra rẹ, mi ò béèrè àlàáfíà rẹ. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà gàdàgbà lára páálí fídíò, àlàáfíà ló wà.

Bẹ́ẹ̀ ni, fíìmù rẹ ti dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn tó ń kó ọjà bọ̀ láti Nàìjíríà ló kó kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wọlé. Ilé kan wà lẹ́yìn ọjà tí wọ́n ti ń fi fídíò han èèyàn, wọ́n to bẹ́ǹṣì síbẹ̀, ẹni tó bá sanwó á jókòó. Àpótí Funfun ni wọ́n ń fi hàn láàárọ̀, òun náà ni lọ́sàn-án. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí síbí, tí Yorùbá wọn ò ju "ẹ káàárọ̀" lọ, ń rọ́ lọ síbẹ̀, ẹnì kan á sì máa tú u sí Faransé fún wọn. Èmi náà lọ. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi lọ. Mo tiẹ̀ ń sọ fún obìnrin tó jókòó tì mí pé ọ̀rẹ́ mi ló kọ ọ́, pé a jọ jẹun nínú abọ́ kan náà dàgbà ni. Kò pẹ́ tí mo fi panu mọ́.

Ìyá arúgbó kan yọ, ó ń ta aṣọ ní ọjà Mboppi. Wọ́n dárúkọ ọjà wa gan-an, wọn ò fi bò! Ó wọ ìbọ̀sẹ̀ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, kò sí nǹkan kan ní tòsì. Ìwàlọlá, ta ni gbogbo Mboppi mọ̀ tó ń wọ ìbọ̀sẹ̀ ẹyọ kan nítorí omi gbígbóná tó bó o lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́sí? Ìyá yìí ní àpótí funfun kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó máa ń tì í pa, òórùn káńfọ̀ sì ń jáde lára rẹ̀. Tó bá ti gé aṣọ funfun, tó ká a sínú àpótí, tó pọfọ̀ lé e, ọmọ ọlọ́mọ á kú níbì kan, àpótí á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ owó. Inú ilé náà dàrú, gbogbo èèyàn ń ké hàà. Ọkùnrin kan lẹ́yìn mi fi Faransé sọ pé ṣebí ìyá tó wà lójú ọ̀nà kejì nínú ọjà yìí nìyẹn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú. Nígbà tó yá, wọ́n ń wo èmi.

Irú ìgbà wo lo tún yàn láti ṣe é? Oṣù kìn-ín-ní ọdún yìí ni wọ́n gé owó sẹ́fà sí méjì, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì ti ń já wálẹ̀ kó tó dìgbà náà. Ṣọ́ọ̀bù tó wà lọ́tùn-ún wa ti kógbá wọlé, ti òsì náà ti kógbá wọlé. "La crise", ìyẹn ọ̀dá owó, ló wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà. Tí nǹkan bá le báyìí, àwọn èèyàn kì í rí ìjọba bá jà, ẹni tó ń rí oúnjẹ jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni wọ́n ń bá jà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan níbí tí wọ́n ń pè ní famla, pé èèyàn ta ẹbí rẹ̀ sínú ayé àìrí kó lè lówó. Tí wọ́n bá ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn sí oníṣòwò lára, ó parí nìyẹn. Màmá mi ṣì ń tà díẹ̀díẹ̀ nítorí pé ó máa ń gé aṣọ fún ẹni tí agbára rẹ̀ ò ká odindi. Kò ní idán kankan. Ìwọ wá jókòó sí Ìbàdàn, o fi ìdí tí ọjà rẹ̀ fi ń tà han gbogbo ayé. O káre láé.

Àbí o ti gbàgbé bó o ṣe rí àpótí yẹn ni? Ó yá, jẹ́ kí n rán ọ létí. Ọdún tí àwọn alátakò ní kí gbogbo ìlú ti ilẹ̀kùn, tí takisí ò rìn, lo wá kí wa. O ní ọjọ́ díẹ̀ lo máa lò, ọ̀nà wá dí mọ́ ọ níbí. Ibà gbé ọ ṣánlẹ̀. Ò ń sọ ìsọkúsọ, ò ń pe èmi ní ìyá rẹ. A ò rí ọkọ̀ tó máa gbé ọ dé ilé ìwòsàn. Orí bẹ́ẹ̀dì Màmá ni wọ́n tẹ́ ọ sí, òun fúnra rẹ̀ sùn sílẹ̀, òun ló ń fi aṣọ tútù nù ọ́ lára, òun ló ń ro ògì tẹ́ẹ́rẹ́ sí ọ lẹ́nu. Orí bẹ́ẹ̀dì yẹn lo ti rí i tó fa àpótí jáde. O bi í léèrè ohun tó wà níbẹ̀. Ó ní ẹrù àgbàlagbà ni, kó o sùn, ọmọ òun.

Ohun tó o rí gbámú nìyẹn! Ó ń fi nǹkan pamọ́, nítorí náà, àjẹ́ ni. Ìwàlọlá, nítorí tìẹ ló ṣe fi pamọ́. Ta ló máa wo ojú ẹni tí ibà ń bá fínra, kó sọ fún un pé aṣọ òkú ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó sùn lé?

Ìyá mi ló ń wẹ òkú àwọn obìnrin Mùsùlùmí wa ní Douala. Iṣẹ́ Ọlọ́run ni, kì í gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. Tí obìnrin wa kan bá kú, ì báà jẹ́ ní Yassa tàbí ní òdìkejì afárá, òun ni wọ́n máa ránṣẹ́ pè. Aṣọ funfun, òwú, káńfọ̀ àti lọ́fíńdà ló wà nínú àpótí náà, kí wọ́n má bàa máa sáré kiri nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ṣẹlẹ̀. Àwọn àgbàlagbà míì máa ń kó aṣọ tiwọn wá fún un kó bá wọn tọ́jú ẹ̀. Bó bá ti ń ká aṣọ síbẹ̀, àdúrà kan ṣoṣo ló máa ń gbà: "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ a lò ó." O gbọ́ ọ. Mo mọ̀ pé o gbọ́ ọ, nítorí pé o fi sínú fíìmù, àmọ́ o yí i po. Ìyá inú fíìmù rẹ ń sọ pé, "Ẹni tí mo bá dárúkọ ni n ó lò." Kí ló dé tí o ò bi mí? Lẹ́tà tó o kọ sí mi lẹ́yìn tó o délé ò lóǹkà, o béèrè iye tí wọ́n ń ta léèsì, o béèrè ọ̀rọ̀ ọkọ mi, ọ̀rọ̀ àpótí nìkan ni kò wá sí ọ lẹ́nu. Ìgbà yẹn náà lo ṣíwọ́ fífi ìwé aláwòrán tó ò ń kọ lóṣooṣù ránṣẹ́ sí mi. O ní wọn ò tẹ̀ ẹ́ mọ́, pé ìwé ti wọ́n. Irọ́ lò ń pa, wọ́n kọ ọ́ sára páálí fídíò pé inú ìwé yẹn ni fíìmù ti jáde. Ìyá mi ló wà nínú ẹ̀, oṣù dé, oṣù lọ.

Má wá sọ fún mi pé mi ò gbádùn ìtàn iwin o. Èmi tí mò ń ka ìwé rẹ sókè nínú ṣọ́ọ̀bù, tí àwọn obìnrin ọjà á pé lé mi lórí, tí wọ́n á gbàgbé ọjà wọn! Èyí tí ọkùnrin ti fẹ́ obìnrin inú odò, tí omi ń kán lára rẹ̀ sórí ibùsùn, a rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá. Ìyẹn ò pa ẹnikẹ́ni lára, kò sí obìnrin inú odò tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Mboppi. Ṣùgbọ́n wò ó, láti bí ọdún mélòó kan kó o tó ṣíwọ́ fífi wọ́n ránṣẹ́, gbogbo ìwé rẹ ló ti di ìyá arúgbó, ìyá arúgbó. Opó tó lówó díẹ̀, àjẹ́ ni. Ìyá ọkọ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó ń jẹ ọmọ. Ṣé o ò rí ìkà ọkùnrin kankan kọ nípa rẹ̀ ni? Àbí àwọn yẹn máa wá bá ọ nílé?

Ẹ̀yìn fíìmù yẹn ni Ìyá Àsàmáù kú. O mọ̀ ọ́n, ìyá pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó ń bá wa jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù, tó fún ọ ní oyin nígbà tí ara rẹ ń yá. Òun àti Màmá jọ dé Douala ni, wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ọjà ni. Wọ́n ti bá ara wọn ṣàdéhùn tipẹ́ pé èyí tó bá gbẹ́yìn ló máa wẹ èkejì. Nígbà tí Ìyá Àsàmáù ti Mẹ́kà dé, ó kó aṣọ ara rẹ̀ tó fi omi sámúsámù fọ̀ wá fún Màmá, ó ní kó bá òun fi sínú àpótí, òun ò fẹ́ kí wọ́n fi aṣọ míì sin òun. Mo wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ nípa ẹni tó máa kọ́kọ́ lọ.

Nígbà tí ìròyìn dé, Màmá sunkún díẹ̀, ó ṣàlùwàlá, ó mú aṣọ náà, ó fi sínú ọ̀rá. A wọ takisí kọjá afárá lọ sí Bonabéri, ilé Muzzammil, àkọ́bí olóògbé lọ́kùnrin. Muzzammil pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. Èmi ló kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, ó fi Faransé sọ ọ́, pé kí n má bínú, la famille a décidé, pé ẹbí ti pinnu. Wọ́n ti pe àwọn obìnrin Haúsá láti New Bell pé kí wọ́n wá wẹ̀ ẹ́. Ó wá yíjú sí Màmá, ó ní, "Mama, no vex. You no fit enter."

Màmá ò jagun. Ó kàn sọ pé, "Muzzammil, ọjọ́ tí wọ́n bí ọ, èmi ni mo wẹ̀ ọ́." Muzzammil wolẹ̀. Màmá na ọ̀rá sí i, ó ní aṣọ ìyá rẹ̀ rèé, pé olóògbé fúnra ẹ̀ ló rà á, kí wọ́n sáà fi sin ín, kí wọ́n wẹ̀ ẹ́ bí wọ́n bá ṣe fẹ́. Ṣé o mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Káńfọ̀ ń rùn lára ọ̀rá náà. Àwọn tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn sún sẹ́yìn. Vanessa, ìyàwó Muzzammil, fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ń pariwo pé aṣọ àpótí yẹn ò gbọdọ̀ wọ inú ilé òun. Aṣọ Mẹ́kà! Aṣọ tí ìyá ọkọ rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀! Muzzammil ò fọwọ́ kàn án. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Mo ní ká máa lọ. Màmá ní rárá. Ó jókòó sórí òkúta lódìkejì títì nínú oòrùn, ó gbé ọ̀rá náà lé itan. Ó gbọ́ nígbà tí wọ́n ń da omi nínú ọgbà. Aṣọ tí wọ́n sáré rà lọ́jà ni wọ́n fi wé ọ̀rẹ́ ẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde lọ sí mọ́ṣáláṣí, ó dìde, ó gbọ́wọ́ sókè, ó ṣàdúrà fún un, kò sì sẹ́ni tó wo ibi tó wà. Ó dùn mí dọ́kàn. Ká ní o wà nítòsí lọ́jọ́ náà, Ìwàlọlá, ǹ bá fi eyín gé ọ jẹ.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tún ránṣẹ́ pè é. Ó ti gbọ́ pé ìwọ lo kọ ọ́, èmi ni mo sọ fún un. Ó kàn béèrè pé báwo ni fíìmù náà ṣe parí fún ìyá yẹn. Ìwọ mọ bó ṣe parí, ìwọ lo kọ ọ́ pé kí wọ́n jó òun àti àpótí ẹ̀ láàárín ọjà, kí àwọn èèyàn máa pàtẹ́wọ́. Mo purọ́ fún un pé mi ò wò ó dé òpin. Ìbẹ̀rù ìparí yẹn ni mo fi ń tẹ̀ lé e lọ sọ́jà lójoojúmọ́ báyìí.

Lọ́jọ́ tí a ti Bonabéri dé, ó ṣí àpótí kó lè dá aṣọ Ìyá Àsàmáù padà. Ó wá fa aṣọ kan yọ láti ìsàlẹ̀ pátápátá, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó gùn ju àwọn yòókù lọ. Mo ní ti ta nìyẹn. Ó ní ti Ìwàlọlá ni, ọjọ́ tí ibà rẹ̀ le jù lòun gé e, ó ga, òun fi kún un. Ó ní gbogbo òkú tí òun ti wẹ̀ láti ìgbà yẹn, òun ò fi fún ẹnì kankan. Ó fọwọ́ pa á, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọlọ́run gbọ́ tèmi lórí ọmọ yẹn. A ò lò ó." Ó ká a, ó dá a padà.

Ṣàmsídéènì tó ń bọ̀ wálé ló mú lẹ́tà yìí wá. Má fún un ní èsì kankan, mi ò fẹ́ ẹ.

Màmá ní tí mo bá ń kọ̀wé sí ọ, kí n bá òun kí ọ, kí n kí àwọn ọmọ, kí n sọ fún ọ pé kó o máa jẹun dáadáa. Iṣẹ́ tó rán mi nìyẹn, mo ti jẹ́ ẹ.

Èmi ò kí ọ.

Bàrákàt, ọmọ ìyá alápòótí.